Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ kò jókòó sórí póò, màtánẹ́ẹ̀lì sì ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án

Ìyá Àlàní (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ọmọkùnrin ni, ọdún méjì àti oṣù márùn-ún. Màtánẹ́ẹ̀lì (ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi) tí a fẹ́ fi í sí kò gba ọmọ tó ń wọ kúùṣì (ìlédìí ọmọ). Ó ti ń sọ pé "ìtọ̀", àmọ́ ìgbà tó bá tọ̀ tán ló ń sọ ọ́. Tó bá fẹ́ yàgbẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń sá lọ, á dúró ṣánṣán, á ṣe é sínú kúùṣì. Kò jẹ́ jókòó sórí póò (ìkòkò ìyàgbẹ́ ọmọdé) rárá. Ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń le, ó ń gbà tó ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó yà. Ṣalángá agbo ilé la ń lò, ihò rẹ̀ sì fẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní mo ti pẹ́ jù, pé láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Lórí Facebook, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta péré ti tó. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Kétu

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Àlàní. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ibi tí ẹ sáré kọjá gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: ìgbẹ́ tó le, tó ń gba ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ẹ gbé póò tì ná.

Ọmọ tó sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó dúró ṣánṣán, tó fún ìdí pọ̀, tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ọ̀pọ̀ ìyá rò pé ó ń tì í jáde ni. Ó ń dá a dúró ni. Ìgbẹ́ líle ti dùn ún nígbà kan, ó sì ti pinnu pé èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí òun mọ́. Bó ṣe ń dá a dúró, ìfun ń fa omi inú rẹ̀ mu, ó ń le sí i, ó ń tóbi sí i. Nígbà tó bá jàjà jáde, á dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìpẹ̀kun ìfun á fẹ̀, ọmọ kò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́ tó bá kún. Omi ìgbẹ́ á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó le yọ́ sínú ṣòkòtò. Ìyá á ní ìgbẹ́ gbuuru ni, á wá fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró! Ẹ ò rí i pé epo la ń dà síná.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni wàrà àti ẹ̀kọ funfun láti àárọ̀ dalẹ́, láìsí ẹ̀wà, láìsí ẹ̀fọ́, láìsí èso. Ẹ má jẹ́ kí wàrà kọjá ìdajì lítà lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun mímu rẹ̀ lápapọ̀ tó bíi lítà kan, kí omi lásán sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ pípọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ègé kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ se ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa, ṣíbí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ fi ẹ̀fọ́ sọ́bẹ̀ kó rí i jẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà yìí. Ohun tí à ń wá ni ìgbẹ́ tó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì síra, tí kò mú omijé dání.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí kò rọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n lè fún un ní lactulose tàbí macrogol, tó ń fa omi sínú ìgbẹ́. Oògùn oṣù mélòó kan ni, kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá dá a dúró nígbà tí ìgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ìfun tó ti fẹ̀ kò tíì padà sípò, ohun gbogbo á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tí inú wú, tí ó ń bì, tàbí tó jẹ́ pé láti ìgbà tí a ti bí i ni ìgbẹ́ ti ń ṣòro, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi puwáà (rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀) fún omi sí i nídìí, pàápàá èyí tí wọ́n po ata tàbí atalẹ̀ sí. Ó ń bó ara inú ìdí, ọmọ á sì wá máa bẹ̀rù ìdí rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Màmá Àgbà Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, kúùṣì ló bà á jẹ́. Ọmọ tí kò mọ̀ pé ara òun tutù, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé òun tọ̀?

Ìyá ọkọ rẹ kò purọ́, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ìyá á jókòó sórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á ya àtẹ́lẹsẹ̀ díẹ̀ síra. Á gbé ọmọ jókòó sórí ojúgun rẹ̀, kí ìdí ọmọ bọ́ sí àlàfo àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kó sì di ọmọ mú lábẹ́ abíyá. Èyí tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó fara ti ikùn ìyá, kí ìyá fi ọwọ́ gbé itan rẹ̀ sókè. Ti ìtọ̀, "ṣììììì" ni à ń ṣe sí i létí. Ti ìgbẹ́, à ń kùn "ùùùn". Ìgbà tó bá jí, ìgbà tó bá mu ọmú tán, àti ká tó wẹ̀ fún un. Tí kò bá ti ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, a gbé e kúrò. A kì í há ọmọ mọ́ ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kétu

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Òótọ́ ni, àwọn oyìnbó pàápàá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1977, deVries àti deVries kọ̀wé nípa àwọn Digo, ní etí òkun Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà: láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n bá bímọ ni wọ́n ti ń gbé e jókòó báyìí, tó bá sì fi máa di oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ tọ̀ sára mọ́, tọ̀sán tòru. Nígbà yẹn, èrò tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ti dókítà Brazelton, ẹni tó kọ ọ́ ní 1962 pé ká dúró títí ọmọ fúnra rẹ̀ á fi ṣetán. Àwọn ọmọ 1,170 ló wò, bíi oṣù 28 àbọ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe lójú ọ̀sán.

Àmọ́ Màmá, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti ọmọ oṣù mẹ́ta, ìyá ló ń mọ àkókò; ọmọ kàn ń jẹ́ kó jáde nígbà tó bá gbọ́ "ṣììì". Tí kò bá sí ẹni tó máa gbé e, kò sí nǹkan tó lè ṣe. Ti màtánẹ́ẹ̀lì, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára, kó dá a dúró díẹ̀, kó sọ, kó rìn lọ, kó bọ́ ṣòkòtò, kó jókòó. Ìyá Àlàní kò pẹ́ jù. Ọ̀nà ti Màmá ni kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ látìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ "ṣììì" yẹn ṣì wúlò.

Bàbá Ìbejì (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ti ọjọ́ mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ìyàwó mi náà ti fi hàn mí. Ṣé irọ́ ni?

Tántì Màtánẹ́ẹ̀lì (Àjàṣẹ́)

Bàbá Ìbejì, kì í ṣe irọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ibi tó ti wá ni iṣẹ́ Nathan Azrin àti Richard Foxx ní Amẹ́ríkà, 1973. Wọ́n kó ọmọ 34 jọ, ó sì gba wọ́n ní bíi wákàtí mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú wákàtí yẹn: àgbàlagbà kan tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ọmọ kan ṣoṣo, kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Wọ́n ń fún ọmọ ní ohun mímu léraléra kó lè máa tọ̀ léraléra. Wọ́n ń fi ọmọláńgidi tó ń tọ̀ hàn án. Wọ́n ń yẹ ṣòkòtò rẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra, tó bá gbẹ, wọ́n á yìn ín. Tó bá sì tọ̀ sára, wọ́n á mú un rìn lọ síbi póò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó fi kọ́ ọ. Ibi tó ń dàrú nìyẹn: ọmọ tó bá lágídí yóò yí i sí ìjà. Ìyá tó ní ọjà lẹ́yìn, tó ní ọmọ ọwọ́, tí iná ń jó lábẹ́ ìkòkò, ibo ló ti fẹ́ rí wákàtí mẹ́rin tó mọ́ gaara? Ọmọ tí ìgbẹ́ rẹ̀ le, ẹ má dán an wò rárá.

Ohun tí ẹ lè mú nínú rẹ̀ ni yíyẹ ṣòkòtò wò àti yíyìn ọmọ nítorí pé ó gbẹ, kì í ṣe nítorí pé ó tọ̀ nìkan.

Ìyá Àlàní, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń gbẹ fún wákàtí méjì, bóyá ó lè bọ́ ṣòkòtò sí orúnkún, bóyá tí ẹ bá ní "lọ mú bàtà, gbé e wá" ó lè ṣe méjèèjì. Tí ó bá lè ṣe é, ó ti tó.

Kúùṣì ọ̀sán, ẹ bọ́ ọ tán pátápátá tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má máa wọ̀ ọ́ lónìí, kẹ́ ẹ bọ́ ọ lọ́la. Ṣòkòtò òwú tó ní rọ́bà ìbàdí ni kó wọ̀, mẹ́jọ sí mẹ́wàá, nítorí òjò oṣù keje yìí kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ lọ́jọ́ kan náà. (Ọ̀gbẹlẹ̀ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.) Kò sí bẹ́líìtì, kò sí sípù, kò sí bọ́tìnnì. Àwọn ọmọbìnrin tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wọn pọ̀, ẹ dín in kù: páńtì máa ń há sí i nígbà tí ọmọ bá ń kánjú.

Ẹ mú un jókòó tó bá jí, lẹ́yìn oúnjẹ, kó tó wẹ̀, kó tó sùn. Láàárín ìwọ̀nyí, bíi wákàtí méjì síra. Ẹ má bi í pé "ṣé o fẹ́ tọ̀?" "Rárá" ni ọmọ ọdún méjì máa dáhùn. "Àsìkò póò ti tó" ni kẹ́ ẹ sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ó parí. Àwọn ìyá tó ń fi ọmọ sórí póò fún ogún ìṣẹ́jú níwájú tẹlifíṣọ̀n ń kọ́ ọmọ láti jókòó ni, wọn kò kọ́ ọ láti tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Kétu

Mo fara mọ́ ti Tántì. Àfikún kan lórí àsìkò: bí oúnjẹ bá ti bọ́ sínú ikùn, ìfun ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ohun tó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ìṣẹ́jú 15 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni ìgbà tí ẹ ní ànfààní jù lọ láti bá ìgbẹ́ pàdé. Tí ẹ bá máa jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan péré lóòjọ́, ìgbà yẹn ni.

Ti pé kò jẹ́ jókòó, ẹ má fà á. Àkàsọ̀ ni, ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan lórí ìpele kọ̀ọ̀kan:

Àkọ́kọ́, kó máa yàgbẹ́ sínú kúùṣì rẹ̀ bó ṣe ń ṣe, àmọ́ níbi tí póò wà, kì í ṣe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, kó jókòó sórí póò pẹ̀lú kúùṣì nídìí, kó ṣe é síbẹ̀. Tó bá ti gbà á, ẹ gé ihò sí ìsàlẹ̀ kúùṣì, kó wọ̀ ọ́ jókòó, kó lè bọ́ sínú póò. Níkẹyìn, ẹ bọ́ kúùṣì, ẹ tẹ́ ẹ sínú póò fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ tó mú un kúrò. Lójú ọ̀sán, wákàtí tó kù, ṣòkòtò òwú ni. Ti ìgbẹ́ nìkan la ń fún un ní kúùṣì. Èyí kò ta ko ohun tí Tántì sọ, nítorí ọmọ tí ẹ bá já kúùṣì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì nígbà tó ń bẹ̀rù ìgbẹ́, ó lè dá a dúró fún ọjọ́ mélòó kan.

Tántì Màtánẹ́ẹ̀lì (Àjàṣẹ́)

Nọ́ọ̀sì, ó ta ko ó díẹ̀ 😊 àmọ́ fún ọmọ tó ń bẹ̀rù, mo gbà fún yín.

Másọ́nù Kétu

Ẹ ti gbàgbé ẹsẹ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lófuurufú kò lè tì, nítorí ara ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fún pọ̀ kó má baà ṣubú. Ẹ wọn ọmọ láti ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀ sábà máa ń jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 22. Ẹ yọ méjì kúrò, gíga ìjókòó rẹ̀ nìyẹn, kí orúnkún lè ga ju ìbàdí díẹ̀. Tó bá jẹ́ WC àgbà ni, ẹ gbé àpótí tó dúró ṣinṣin sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì. Kí póò fúnra rẹ̀ ní ìdí tó fẹ̀. Lórí símẹ́ǹtì tó tutù, ẹ tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀, á máa yọ̀ bí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí tó ní ike gíga níwájú fún ọkùnrin máa ń ha ọmọ; ẹ kọ́ ọ kó fi ọwọ́ tẹ okó rẹ̀ sísàlẹ̀ tó bá jókòó. Jíjókòó ni kó fi bẹ̀rẹ̀, ìdúró á dé tó bá yá.

Ṣalángá: ihò tí ọmọdé máa lò kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ti àgbà ń fẹ̀ jù ú lọ, ẹ̀rù tó sì ń ba ọmọ kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́, ihò náà lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì lóòótọ́. Ẹ kan pákó tó nípọn sí ìdérí, ẹ gé ihò kékeré sí àárín rẹ̀, ẹ kan igi méjì sábẹ́ tó máa wọ inú ihò àgbà, kó má baà sún. Kí pákó fẹ̀ ju ihò àgbà lọ níhà gbogbo, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ rẹ́ ẹ dan, ẹ fi ọ̀dà kùn ún, kí ìtọ̀ má baà wọ inú igi. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ lábẹ́ ọdún márùn-ún dá wọ ibẹ̀ lọ lálẹ́.

Ohun tó wà nínú póò, inú ṣalángá ni kó lọ. Kì í ṣe ààtàn, kì í ṣe gọ́tà. Àwọn kan gbà pé ìgbẹ́ ọmọdé kò ní àrùn. Ó ní in, ó sì sábà máa ń ní ju ti àgbà lọ. Ẹ da omi díẹ̀ sínú póò kó tó jókòó, ìgbẹ́ kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Omi tí ẹ fi ṣan póò náà, ṣalángá ni.

Nọ́ọ̀sì Kétu

Ẹ ṣeun, Másọ́nù. Tó bá jẹ́ Javel (omi tó ń sọ aṣọ di funfun) ni ẹ fẹ́ fi fọ póò, ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ ṣan ìtọ̀ kúrò pátápátá. Javel tó bá pàdé ìtọ̀ ń gbé èéfín jáde tó ń pa àyà lára.

Ìyá Ìbejì (Kétu)

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè kọ́ Táyé àti Kẹ́hìndé pọ̀? Táyé obìnrin ti ń sọ, Kẹ́hìndé ọkùnrin kò tíì bìkítà.

Tántì Màtánẹ́ẹ̀lì (Àjàṣẹ́)

Ẹ ra póò méjì, àmọ́ Táyé ni kẹ́ ẹ kọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé máa wò ó, kó jókòó tó bá wù ú. Ẹ má fi ọ̀kan bú èkejì. Ti Táyé, ẹ fi omi bùtá ṣan án láti iwájú lọ sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà, kí ìgbẹ́ má baà kan ojú ara. Ìtọ̀ tó ń ta á, tó ń rùn, tó sì mú ibà dání, ilé ìwòsàn ni.

Ìyá Àlàní (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Tó bá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí kò tọ̀, tó wá dìde tó tọ̀ sórí ẹní, ṣé kí n nà án? Báwo wá ni ti òru?

Tántì Màtánẹ́ẹ̀lì (Àjàṣẹ́)

Ẹ má nà án. Kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó jókòó, gbogbo ara rẹ̀ le. Bó ṣe dìde tí ara tù ú, ìtọ̀ tú. Ẹ fún un ní ike tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò tí wọ́n fi ń fa ohun mímu, kó máa fẹ́ atẹ́gùn nínú omi ife, tàbí kẹ́ ẹ máa da omi láti inú ife kan sí òmíràn níwájú rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ṣe "ṣììì" Màmá Àgbà. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn láti fún ìdí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá tọ̀ sílẹ̀, ohùn yín kó má yí padà: "Ìtọ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Inú póò ló ń lọ. Mú àkísà wá." Ọmọ tí wọ́n ń nà nítorí ìtọ̀ kò kọ́ póò, ibi ìsápamọ́ ló ń kọ́.

Ẹ má tún fún un ní omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ mú ọdún rẹ̀, ẹ fi 2 kún un, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 30, iye mílílítà tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ lè gbà nìyẹn. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀, 135. Ife tíì kékeré kan ni.

Nọ́ọ̀sì Kétu

Ti òru, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀sán la ń kọ́. Òru, ara ló ń dàgbà sí i. Nígbà tí ọmọ bá ń sùn, ọpọlọ ń ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó dín ìtọ̀ kù, àwọn ọmọ kan wà tí iṣẹ́ yẹn kò tètè bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Bíi ọmọ 15 nínú 100 ló ṣì ń tọ̀ sílé ní ọmọ ọdún márùn-ún, ó sì máa ń tẹ̀lé ìdílé: ẹ rọra bi bàbá àti ìyá rẹ̀ wò. Tí kúùṣì rẹ̀ bá gbẹ láàárọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, ẹ bọ́ ọ. Ẹ tẹ́ rọ́bà sábẹ́ aṣọ ibùsùn. Gbígbé ọmọ jí lóru láti tọ̀ ń gba ẹní là, kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Orin "atọ̀ọ́lé" àti ọ̀pọ̀lọ́ tí àwọn kan ń so mọ́ ọmọ nídìí, ẹ jẹ́ kó parí sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ọmọ SS, tó ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde, kíndìnrín rẹ̀ kì í lè há omi mọ́ra, nítorí náà ìtọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì lè tọ̀ sílé pẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi omi dù ú nítorí ẹní. Àìmu omi tó lè fa ìrora fún un. Ọmọ tó sì ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tó ń rù, kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Èyí tó ń kán tó-tó-tó lójoojúmọ́ láìdá, tí kò gbẹ rí, òun náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ póò.

Màmá Àgbà Ṣábẹ̀ẹ́

Ti ọ̀pọ̀lọ́ yẹn, àwa náà kò fẹ́ràn rẹ̀.

Tántì Màtánẹ́ẹ̀lì (Àjàṣẹ́)

Ìyá Àlàní, kó tó di oṣù kẹsàn-án, ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí tántì (olùkọ́) rẹ̀ máa gbọ́. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, tántì lè jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Gùn tí kò gbọ́ "mo fẹ́ tọ̀". "Pípì" (ìtọ̀) àti "kàká" (ìgbẹ́), gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Ẹ mú un lọ wo ilé ìyàgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà kí wọ́n tó wọlé, kó jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe nílé lè dá a dúró di ọ̀sán tí ibẹ̀ bá ṣàjèjì sí i. Nínú àpò rẹ̀: ṣòkòtò méjì, páńtì mẹ́ta, aṣọ ìnura kékeré, ọ̀rá méjì fún èyí tó tutù, kí orúkọ rẹ̀ wà lára gbogbo wọn. Rọ́bà kakí ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń le. Ẹ gbé e fún télọ̀ kó tú u díẹ̀.

Ìyá Àlàní (Àjàṣẹ́)

Mo ti gbọ́. Ìbẹ́pẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Másọ́nù, ẹ jọ̀ọ́, pákó wo ni kò tètè jẹrà?

Másọ́nù Kétu

Ìrókò tàbí tíìkì. Ẹ má lo pílíwúùdù, omi á là á sí méjì.